Páálí Tí Wọn Ò Tíì Ha

Inú ṣì ń bí mi, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kí n ṣe sùúrù. Mo ti ṣe sùúrù tó.

Ìyá mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ̀dọ̀ mi ní Mafoluku ni wọ́n ń gbé, èmi ni mo sì ń ra oògùn wọn ní kẹ́míìsì kan ní Okota, nítòsí ibi iṣẹ́ mi. Àwọn tó ń ṣe oògùn náà máa ń lẹ fàdákà kékeré kan mọ́ ara páálí rẹ̀. Tí èèyàn bá ha á, á rí nọ́ńbà níbẹ̀, á fi í ránṣẹ́ lórí fóònù, èsì á sì sọ bóyá ojúlówó ni tàbí ayédèrú. Mo máa ń ha á níwájú olóògùn kí n tó sanwó. Mo rò pé mo gbọ́n.

Ìyá mi ti ta káàdì ìpè rí, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó bá ta káàdì mọ̀ pé èyí tí wọ́n bá ti ha, ẹnìkan ti jẹ ẹ́. Lójú tiwọn, ẹnìkan ti lo agbára oògùn mi kó tó délé. Wọn ò bá mi jà. Láìjẹ́ kí n mọ̀, wọ́n kàn ń rọra ti tèmi sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń lọ sọ́dọ̀ oníbàárà wọn tó ń ta oògùn ní Òṣòdì, ẹni tí páálí tiẹ̀ ń dán, tí ẹnikẹ́ni ò tíì ha.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n fẹ́ ró ìró, ọwọ́ ọ̀tún kọ̀. Ẹnu wọn sì ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Rọpárọsẹ̀ ni. Dókítà ní kí n mú oògùn tí wọ́n ń lò wá, mo wá inú báàgì wọn, mo rí páálí tí kì í ṣe èmi ni mo rà. Mo ha á níbẹ̀. Èsì ní ayédèrú ni.

Mo bínú sí ìyá mi, mi ò ní purọ́. Àmọ́ ta ló ṣe é? Ẹnìkan jókòó síbì kan lókè òkun, ó po ẹfun, ó tẹ páálí tó rẹwà. Ẹlòmíì fi fàyàwọ́ gbé e wọlé, ẹlòmíì dijú kó lè kọjá. Gbogbo wọn ló jẹun yó. Ọwọ́ ọ̀tún ìyá mi ni wọ́n jẹ.

Nígbà tí a ti kúrò ní ọsibítù, mo sọ fún ìyá mi pé mò ń lọ sí Òṣòdì, àmọ́ mi ò sọ ohun tí mo ń lọ ṣe. Mo sọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́ fún oníbàárà wọn, obìnrin kan tó jù mí lọ, ó sì dìde. "Ìyá ẹ ńkọ́? Ó tó ọjọ́ mẹ́ta." Mo fi èsì orí fóònù mi hàn án. Ó ní òun ò mọ̀, pé ṣe ni wọ́n ń gbé e wá bá òun, pé òun náà ń lò ó. Ó yọ tiẹ̀ jáde nínú báàgì. Mo ha á. Èsì kan náà. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ju páálí náà sí gọ́tà. Àánú ẹ̀ ṣe mí.

Ibẹ̀ la wà tí ọkùnrin kan fi dé, ó ń wá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ìyàwó ẹ̀. Obìnrin yìí yíjú kúrò lọ́dọ̀ mi, ó mú páálí kan nínú ìyókù, ó gbé e fún un.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má rà á, ayédèrú ni."

Ọkùnrin náà wò mí látòkè délẹ̀. "Kí ló dé tẹ́ ẹ fẹ́ ba ọjà ọlọ́jà jẹ́? Ẹ lọ ta tiyín." Ó sanwó, ó lọ. Mo sá tẹ̀ lé e títí dé ojú irin, èrò gbé e mì mọ́ mi lójú.

Nígbà tí mo délé, ìyá mi bi mí pé ṣé mo bá wọn kí oníbàárà wọn. Mo ní mo kí i. Wọ́n ní Ọlọ́run á bù sí ọjà ẹ̀. Èmi ń fi aṣọ nu itọ́ tó ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu tí wọ́n fi ń ṣàdúrà náà.