Ògbufọ̀ Fádà ní Ìròlú

Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà ní Ìròlú lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ ó rí bàbá kan lórí bẹ́ǹṣì ìkẹyìn. Olúdọ̀tun ni. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi jẹ́ katikísì wa, òun náà ló ń túmọ̀ ìwàásù, nítorí Fádà tó ń ti Ṣàgámù wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù kò gbọ́ Yorùbá. Iṣẹ́ tíṣà ló fi ń jẹun. Bàọ́lọ́jì ló ń kọ́ àwọn ọmọ.

Lọ́dún tó kọjá, ó ku oṣù kan kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì gba Kómúníọ̀n àkọ́kọ́, Ṣọlápé, ọ̀kan nínú wọn, nawọ́ sókè.

"Sà, ní sukúù ẹ ní díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀dá ń yí padà títí ó fi di èèyàn. Níbí ẹ ní Ọlọ́run ló dá wa. Èwo ni ká gbà?"

"Méjèèjì," ni Olúdọ̀tun wí. "Bó ti wù kó pẹ́ tó, iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run náà ni."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti kárí ìlú pé katikísì ní ọ̀bọ ló bí wa. Àwọn òbí dá ọmọ wọn dúró sílé. Olúdọ̀tun bẹ Fádà kó bá òun là á yé wọn. Fádà sọ ọ́ ketekete lédè Òyìnbó: Ìjọ Àgùdà kò ka ẹ̀kọ́ yẹn sí ẹ̀ṣẹ̀, bí èèyàn bá ti gbà pé Ọlọ́run ló dá ohun gbogbo, òun ló sì fún wa lọ́kàn. Ta ló wá túmọ̀ rẹ̀? Olúdọ̀tun! Ó dùn mí títí dòní. Ṣé ẹlẹ́jọ́ ń ṣe ògbufọ̀ ara rẹ̀ ni?

"Ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ló ń fi sí Fádà lẹ́nu," ni ìyá Ṣọlápé wí.

Àwọn àgbà ìjọ fi Adésọjí rọ́pò rẹ̀, nídìí katikísì àti ògbufọ̀. Kí Fádà tó tún yọjú, bíṣọ́ọ̀bù ti gbé e lọ síbòmíràn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Fádà tuntun wá. Ó ti gbọ́ ìjà náà. Ó sọ lédè Òyìnbó pé katikísì wa àtijọ́ kò kọ́ni ní èké, ká dá a padà sí àyè rẹ̀. Adésọjí wúkọ́, ó wá túmọ̀ rẹ̀:

"Fádà ní ká ṣọ́ra fún olùkọ́ èké."

Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Èmi gbọ́ Òyìnbó, mo sì dákẹ́. Ọmọ tèmi náà wà ní kíláàsì Adésọjí. Ẹ bú mi, ó tọ́ sí mi.

Olúdọ̀tun yíjú sí Láídé, ìyàwó rẹ̀, tí kò gbọ́ Òyìnbó rárá.

"Ìyá Fẹ́mi, ṣé o gbọ́ ohun tí Fádà sọ?"

"Mo gbọ́, Bàbá Fẹ́mi," ló dáhùn, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ronú pìwà dà."