Wáyà Tó Gba Ojú Fèrèsé Mi

Mo ti sọ ìtàn ọkọ̀ mi tí kò lo epo fún ọ̀pọ̀ èèyàn, wọ́n sì máa ń rẹ́rìn-ín. Ibi tí ẹ̀rín bá ti pọ̀ jù ni mo máa ń dá a dúró sí. N kò sọ ti Bàbá Alágbàfọ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Ìyàwó mi nìkan ló mọ̀ ọ́n, ìyẹn náà jẹ́ nítorí pé ojú rẹ̀ ló ṣe.

Ìdímù la ń gbé nígbà náà, nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá kan tí gbogbo wa jọ ń lo mítà iná kan ṣoṣo. Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Ẹnjiníà nílé. Àsìkò tí epo bẹntiróòlù di ohun tí à ń tò fún látàárọ̀ dalẹ́ ni. Ọkọ̀ ìjàpá kan ni mo ní, ó ti gbó, ṣùgbọ́n ó ń gbé mi. Nígbà tí mo pẹ́ dé ibi iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kan, ọ̀gá mi kọ̀wé sí mi pé bí mo bá tún pẹ́, kí n jókòó sílé. Inú bí mi gan-an. Ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ gan-an lòun ń gbé, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn wá.

Ilé iṣẹ́ wa ní ọkọ̀ kékeré kan tí wọ́n fi ń gbé ẹrù sókè, bátìrì ló ń lò. Ó ti bàjẹ́, wọ́n sì ti gbé e jù sẹ́yìn ọgbà. Mo tọrọ mọ́tò inú rẹ̀, wọ́n fún mi. Mo yọ ẹ́ńjìnnì ìjàpá mi kúrò, èmi àti jórinjórin kan ní Ẹ̀gbẹ́dá sì fi ọjọ́ Sátidé mẹ́ta so mọ́tò náà mọ́ gíà. A to bátìrì ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́jọ sínú rẹ̀, mẹ́ta nínú búùtù iwájú, márùn-ún níbi ìjókòó ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rìn, mo mọ̀ọ́mọ̀ gba iwájú ilé epo kọjá, mo rọra ń lọ, kí àwọn tó tò síbẹ̀ lè rí mi dáadáa. Irú èèyàn tí mo jẹ́ nìyẹn.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni onílé wa ti kìlọ̀ fún mi pé ọkọ̀ yìí kò gbọdọ̀ fẹnu kan iná ilé òun. Mo ṣèlérí. Ibi iṣẹ́ ni mo ti ń ṣáàjì rẹ̀, títí ọ̀gá mi fi ní kí n yé fi iná ilé iṣẹ́ ṣe ti ara mi. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Mo ń gbé ọkọ̀ náà sí abẹ́ fèrèsé mi, mo fi tapólì bò ó bí ẹni tí ò fẹ́ kí òjò pa á, mo sì na wáyà láti inú yàrá gba ojú fèrèsé sábẹ́ tapólì. Bí mo bá ti dé láti ibi iṣẹ́ ni màá ti kì í bọ iná.

Bí fíùsì ilé ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jó nìyẹn. Iná á lọ ní tiwa, ti àwọn aládùúgbò á sì wà. Èmi ni wọ́n ń pè láti wá tún un ṣe. Màá sáré wọlé yọ wáyà mi, màá wá jáde lọ so fíùsì, wọn á sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Bàbá Alágbàfọ̀ ló ń gbé yàrá iwájú. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó dàgbà jù mí lọ dáadáa, iwájú ilé náà ló ti ń lọ aṣọ àwọn èèyàn. Torí pé áyọ́ọ̀nù rẹ̀ wà ní gbangba tí gbogbo èèyàn ń rí i, òun ni wọ́n kà á sí lọ́rùn. Ó ní ọdún kẹrin rèé tí òun ti ń lò ó nínú ilé yìí, kí ló dé tí fíùsì ò jó tẹ́lẹ̀?

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, nígbà tí a dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, onílé kó gbogbo wa jọ sídìí mítà. Ó ní, "Ẹnjiníà, ìwọ lo mọ̀ nípa iná. Yẹ̀ ẹ́ wò lójú gbogbo wa." Wọ́n ní kí Bàbá Alágbàfọ̀ ki áyọ́ọ̀nù rẹ̀ bọ iná.

Ọkọ̀ mi ń gba iná lọ́wọ́ lábẹ́ tapólì. Mo mọ̀. Àyè wà fún mi láti sọ pé mò ń bọ̀, kí n sì lọ yọ wáyà náà. Mo rò ó. Mo wá rántí ìwé ọ̀gá mi, mo tún ro ohun tí onílé máa ṣe sí ọkọ̀ náà, mo sì dúró síbi tí mo wà. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta, fíùsì jó. Gbogbo wọn kọjú sí mi.

Mo ní, "Áyọ́ọ̀nù yẹn ń fa iná jù."

Onílé ní kò gbọdọ̀ lò ó mọ́. Láti ọjọ́ náà, fíùsì kò jó mọ́, nítorí ó lè gbé ọkọ̀ mi bí kò bá sí áyọ́ọ̀nù níbẹ̀. Gbogbo ilé wá gbà pé mo mọṣẹ́ mi.

Bàbá Alágbàfọ̀ padà sí áyọ́ọ̀nù eléèédú. Ìyàwó mi ní kí n lọ sọ òótọ́, mo ní kó fún mi lọ́jọ́ díẹ̀. Kò bá mi jà. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ wa lọ fún bàbá náà, títí kan èyí tí a kò tíì wọ̀. Mo máa ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí bàbá yẹn lọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́, nínú ọkọ̀ yẹn, ara á sì máa ni mí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ẹyin iná kékeré ta láti inú áyọ́ọ̀nù náà sórí léèsì funfun oníbàárà kan, léèsì náà sì jó lu. Bàbá Alágbàfọ̀ kúnlẹ̀ níta gbangba, ó ń bẹ ọkùnrin tí kò tó ọmọ rẹ̀. Mo wò ó láti ojú fèrèsé mi. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ wọn kúrò, nígbà tó sì yá, ó ní òun ti rí yàrá kan sí Ìgàndò, níbi tí wọ́n máa ti jẹ́ kí òun lo iná.

Èmi ni mo ní kó jẹ́ kí n bá a kó ẹrù. Mo pinnu pé inú ọkọ̀ ni màá ti sọ fún un. A di ẹrù rẹ̀ sórí ọkọ̀, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé áyọ́ọ̀nù iná rẹ̀ lé itan. A ti fẹ́ dé Ìkọ̀tún kí n tó la ẹnu, òun ló sì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹnjiníà, gbogbo ilé yẹn ló bú mi. Ẹ̀yin nìkan lẹ ò bú mi. Ohun tí ẹ fojú rí lẹ sọ, mi ò bínú sí yín."

Ó wá tẹ́ ọwọ́ méjèèjì lórí áyọ́ọ̀nù náà, ó gbàdúrà fún mi pé Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí wọ́n purọ́ mọ́ èmi náà láé. Ó ń wò mí, ó ń retí ìdáhùn.

Mo ní, "Àmín."