Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Oníbúrẹ́dì Méjì Yẹn Fẹ́ra Wọn

Ẹ fún mi láyè kí n sọ ohun tójú mi rí ní Sọ́ńdè tó kọjá, torí ara mi ò tíì balẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì wa, mi ò sì ní sọ àdúgbò tí mò ń gbé gan-an. Ẹ ṣáà mọ̀ pé apá Ajah ni. Ẹni tó bá ti sá kúrò nílé ọkọ rí á mọ ìdí tí mo fi ń ṣọ́ra.

Àwa obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ní gúrúùpù kan lórí WhatsApp. Ibẹ̀ la ti máa ń sọ̀rọ̀ nípa fíìmù síríìsì kan tó ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lórí fóònù. Ìtàn Àbẹ̀kẹ́ àti Gbóyèga ni, àwọn méjì tó ń ṣe búrẹ́dì ládùúgbò kan náà. Ọ̀tá ni wọ́n! Bí Gbóyèga bá gbé búrẹ́dì alágbọn jáde lónìí, Àbẹ̀kẹ́ á gbé tiẹ̀ jáde lọ́la, á sì máa pariwo pé tòun ló dùn jù.

Gbogbo wa la fẹ́ kí wọ́n fẹ́ra wọn. Èmi ni mo tiẹ̀ le jù. Mo fi ohùn ránṣẹ́ lọ́jọ́ kan pé tí ẹni tó ń kọ ìtàn náà ò bá so wọ́n pọ̀, mo máa gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lé e lórí. Àwàdà ni o!

Àṣé àwọn kan ò kà á sí àwàdà.

Lẹ́yìn ìsìn, Ìyá Ìjọ, tí wọ́n jẹ́ olórí àwa obìnrin, ní kí n dúró. Wọ́n ní obìnrin tí ọkọ na títí tó fi sá, tó wá ń bẹ̀bẹ̀ kí ọ̀tá méjì fẹ́ra, ọkàn ẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ ọkọ ni. Wọ́n ní Ẹ̀mí ló ń gba ẹnu mi sọ̀rọ̀.

Màmá Tósìn, ọ̀rẹ́ mi, tún dá sí i: “Ṣebí ìwọ lo ní ìjà wọn ló ń dùn mọ́ ẹ? Àbí o ò jà tó nílé ẹ ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Ìyá Ìjọ wá ní àwọn ti gba nọ́ńbà ọkọ mi lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, àwọn sì ti pè é. Ó máa wá ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀. Bí a ṣe máa ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nìyẹn: tọkọtaya á kúnlẹ̀, a ó gbàdúrà fún wọn, wọ́n á mu omi àdúrà nínú ife kan náà, wọ́n á sì jọ padà sílé.

Ọdún méje ni mo fi fara pa mọ́ fún ọkùnrin yìí! Ṣé kí n dákẹ́ ni?

Mo ní, “Ẹ má bínú, Ìyá Ìjọ. Ẹ ò wo síríìsì yẹn dáadáa.”

Mo sọ fún wọn nípa ọjọ́ tí Àbẹ̀kẹ́ sọ lójú àwọn oníbàárà pé búrẹ́dì Gbóyèga dà bíi fóòmù. Gbóyèga gbọ́wọ́ sókè. Kíá ni mo dá síríìsì náà dúró lórí fóònù mi. Mo kọ́kọ́ lọ mu omi kí n tó lè wo ìyókù. Ṣé ẹ mọ ohun tó fi ọwọ́ yẹn ṣe? Orí ló fi họ! Ó ní òun náà ti ń rò ó bẹ́ẹ̀, ó wá ń bi í léèrè irú ìyẹ̀fun tó ń lò. Àbẹ̀kẹ́ ní òun ò ní sọ! Ẹkún ni mo sun níbi tí mo jókòó sí.

“Àbẹ̀kẹ́ ń bú u, ó sì ń sùn dáadáa,” mo sọ fún wọn. “Ìjà àwọn méjì tó dọ́gba nìyẹn. Èmi ò bá ọkọ mi jà rí, ma. Ó ń lù mí ni.”

Ìyá Ìjọ ní ọkùnrin náà ti ṣèlérí pé òun ti yí padà. Mo ní kí wọ́n pè é lójú mi, kí wọ́n ní kó má wá. Tó bá wá, àgọ́ ọlọ́pàá ni màá lọ, mi ò sì ní padà sí ṣọ́ọ̀ṣì náà mọ́.

Wọ́n mú fóònù wọn, wọ́n sì pè é. Bí mo ṣe gbọ́ ohùn ẹ̀ nínú fóònù náà, mo sún sẹ́yìn. Ìyá Ìjọ rọra sọ fún un. Ẹ gbọ́ èébú! Ìyá Ìjọ fúnra wọn ló ń bú, tó ń bi wọ́n pé ta ni wọ́n tí wọ́n fi ń sọ fún òun pé kí òun má wá mú ìyàwó òun.

Wọ́n pa fóònù náà.

“Kò ní débí,” wọ́n ní. “Lójú ayé mi, kò ní débí.”

Ẹ̀rù ṣì ń bà mí o. Mo ti yí ọ̀nà tí mò ń gbà lọ síbi iṣẹ́ l’Óníru padà. Ṣùgbọ́n mi ò ní yéé wo síríìsì mi, mi ò sì ní tọrọ àforíjì lórí ẹ̀. Ohun tí mo kọ́ ni pé nǹkan téèyàn ń fẹ́ wò nínú fíìmù lè jẹ́ èyí tẹ́nì kankan ò fún un rí láyé ara ẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Àwọn ọ̀tá méjì wo nínú ìtàn lẹ ti gbàdúrà kí wọ́n fẹ́ra rí, kí ló sì fà á? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, màá kà á. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ gbà mí nímọ̀ràn pé kí n padà sílé ọkọ, kó má wulẹ̀ dààmú ara ẹ̀!