Àpòòwé Kan Tó Ṣẹ́kù

Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ìgbà tí mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó bá wa ṣọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wa gan-an ni iṣẹ́ náà yà kúrò lójú ọ̀nà? Mo ti bi ara mi ní ìbéèrè yìí lórí ìdùbúlẹ̀, mo ti bi í lórí ìkúnlẹ̀, n kò tíì rí èsì tí mo lè gbé síwájú ẹlòmíì. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n sọ ìtàn obìnrin tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù.

Ìyá Kòṣẹ́kù la máa ń pè é. Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú fáìlì ọ̀gá, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá fi pè é ní yàrá ìtẹ̀wé, kò ní dáhùn, á rò pé àlejò ló ń wá ẹlòmíì. Ìṣe rẹ̀ ló bí orúkọ náà. Bí iṣẹ́ kan bá parí, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á yọjú wo ẹnu ẹ̀rọ lápá òsì, á wo ti apá ọ̀tún, á wá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀, á ní, "Kò ṣẹ́kù!" Àfi tó bá sọ bẹ́ẹ̀ tán kí ẹnikẹ́ni tó lọ mumi.

Iṣẹ́ wa kò ṣòro láti ṣàlàyé. Àwọn aṣèwádìí a máa fi ìwé bi àwọn èèyàn ní ìbéèrè sílé. A ó tẹ orúkọ àti àdírẹ́sì olúkúlùkù sára àpòòwé ńlá, pẹ̀lú nọ́ńbà kan nísàlẹ̀. A ó tẹ nọ́ńbà kan náà, láìsí orúkọ, sára àpòòwé kékeré tí ẹni náà yóò fi dá èsì padà. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹnu òsì ń jẹ àpòòwé ńlá, ẹnu ọ̀tún ń jẹ kékeré, ìka irin kan á ti kékeré àti ìwé ìbéèrè bọ inú ńlá, á lẹ̀ ẹ́ pa. Èmi ni mo jókòó níbi tó ń pọ̀ wọ́n sí, tí mò ń fi rọ́bà dì wọ́n ní àádọ́ta-àádọ́ta. Nípa nọ́ńbà yẹn, ẹni tó ń ka èsì kò ní mọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá di dandan kí wọ́n wá ẹni náà rí, nọ́ńbà á júwe ilé rẹ̀. Tí ti inú kò bá wá bá ti ìta mu, ilé onílé ni yóò júwe.

Ìyá Kòṣẹ́kù mọ ohun tí ilé onílé ń jẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí ìwé kan dé láti ọsíbítù sí ìyá rẹ̀ pé àyẹ̀wò ti fi hàn pé àìsàn burúkú wà nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá ni ìyá yẹn fi palẹ̀ mọ́. Ó pín aṣọ rẹ̀. Ó pe ọmọ náà sẹ́yìnkùlé, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di irun àbúrò rẹ̀, ó ní kó tú u, kó tún un dì, títí ó fi mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kejìlá ni nọ́ọ̀sì kan sáré wọlé pẹ̀lú ìwé mìíràn. Wọ́n ti fi ìwé obìnrin méjì sínú àpòòwé ara wọn. Kò sí nǹkan kan tó ṣe ìyá rẹ̀.

"Gbogbo ilé ń jó," ló sọ fún mi. "Èmi náà ń jó. Ìyá mi nìkan ló jókòó. Ó ní, 'Obìnrin kejì ńkọ́? Ẹni tó ti ń fi ọjọ́ mọ́kànlá dúpẹ́?'"

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí i?"

"Pásítọ̀, ta ló fẹ́ wá sọ fún wa?"

Èmi kì í ṣe pásítọ̀ o. Mo kàn fẹ́ràn àdúrà ni. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹ̀bùn ni wọ́n ń pè é pé àdúrà mi kì í tètè tán. Níbi iṣẹ́, wọ́n ní orúkọ míì fún un.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, àpòòwé sì ti ń tutù lọ́wọ́ bí etí ajá. Ìwé ẹgbàá àti irínwó obìnrin ló wà nílẹ̀. Àwọn dókítà fẹ́ mọ̀ nípa kókó inú ọmú. Ẹni tí èsì rẹ̀ bá kọ wọ́n lóminú, nọ́ńbà rẹ̀ ni wọn yóò fi wá a, kí wọ́n tètè pè é fún ìtọ́jú. Ọ̀gá wa yọjú láàárọ̀, ó ní, "Màmá, tí èyí bá dára, ìwé ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ ẹ̀yin ni, ọkàn mi balẹ̀." Ojú Ìyá Kòṣẹ́kù kò kúrò lára ẹ̀rọ. Nọ́ńbà ló ń wò. Ọdún méjìlélógún ló ti ń wo nọ́ńbà.

Nígbà tó di aago méjìlá, ọkọ̀ pósófíìsì wá kó ìdajì àkọ́kọ́, ìdì mẹ́rìnlélógún. Bí ọkọ̀ ṣe jáde báyìí, ọkàn mi kún, mo ní kí a dúpẹ́ lórí èyí tó ti lọ, kí a sì fi èyí tó kù lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

"Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ o," ni Ìyá Kòṣẹ́kù wí. A kì í dá a dúró láàárín iṣẹ́, torí tàdáwà rẹ̀ á gbẹ sí i lẹ́nu.

"Màmá, Ẹni tó dá ojú á bá wa ṣọ́ ọ. Ẹ dijú."

Ó wò mí, ó wo ẹ̀rọ, ó dijú. Mo bẹ̀rẹ̀.

Kò tíì tó aago mẹ́ta tí ẹ̀rọ dákẹ́. Ìyá Kòṣẹ́kù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo apá òsì. Ó mọ́. Ó wo apá ọ̀tún. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Kò..." Ọwọ́ náà dúró lókè. Ó mú àpòòwé kékeré kan jáde. 2400 ló wà lára rẹ̀, nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn pátápátá, tó yẹ kó ti wà nínú àpòòwé ńlá.

Ó jókòó sórí àpótí. Mi ò tètè lóye. Òun ló wá là á yé mi, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bí ẹni ń kàwé fún aláìsàn. Kékeré méjì ti lẹ̀ mọ́ra níbì kan, ẹ̀rọ tẹ ọ̀kan, ìkejì kọjá ní òfìfo, ó sì bọ́ sínú àpòòwé ẹni ẹlẹ́ni. Láti ibẹ̀ lọ, nọ́ńbà obìnrin kọ̀ọ̀kan wà nínú àpòòwé ẹni tó tẹ̀ lé e.

"Níbo ló ti bẹ̀rẹ̀?" mo bèèrè.

"Ohun tí mò ń rò nìyẹn. Ìdajì ti lọ, Pásítọ̀. Ẹyin tó bá bọ́, ta ló ń ṣà á?"

Ó wojú mi bí ẹni tó ti rí obìnrin kejì yẹn níbi tó ti ń dúpẹ́. Ó wá dìde wuyẹ́.

"Ìdì karùndínlọ́gbọ̀n dà? Ẹ fún mi ní 1201. Òun ló ṣáájú nínú èyí tó kù. Tó bá ti yà kó tó kàn án, kò sí bí tirẹ̀ ṣe máa bára mu. Tó bá bára mu, gbogbo èyí tó ti lọ bára mu."

Àpòòwé kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ wá kù sí. Ó mú sísọ́ọ̀sì, ó nà án sí mi. Mo gbà á. Mo fẹ́ gbàdúrà. Èmi tí mo lè gbàdúrà láti àárọ̀ dọ̀sán, gbólóhùn kan kò wá sí mi lẹ́nu.

"Ẹ má gbàdúrà," ó ní. "Ẹ gé e."

Mo gé e. Mo fa kékeré jáde, mi ò lè wò ó. Òun ló wò ó.

"Ọ̀kan," ó ní. "Méjì. Òdo." Ó mí kanlẹ̀. "Ọ̀kan! Pásítọ̀, ó bára mu! Ó bára mu, ẹ̀yin ọkùnrin yìí, kí lẹ̀ ń wò?"

Ó lù mí lẹ́yìn gbàgà, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ìwé, ó ń fi etí aṣọ nu ojú. Èmi náà jókòó. Láti ọjọ́ tí ìyàwó mi ti bí àkọ́bí wa ní àlàáfíà, ara mi kò tíì fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Wíwá tó kù kò pẹ́. A gé 1250, a bá 1249 nínú rẹ̀, a mọ̀ pé inú ìdì yẹn ni. A ń gé e bọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí a fi ṣí 1237, tí a bá òfìfo nínú rẹ̀, funfun báláú. Ìyá Kòṣẹ́kù ní ìwé pélébé kan tó máa ń kọ àkókò ìdì kọ̀ọ̀kan sí. Ó ṣí i, ó fi ìka tọ ìlà karùndínlọ́gbọ̀n, ó sì pa ìwé náà dé. Mo ti rí i. Aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ọ̀gá dé bá wa níbẹ̀. "Kí ló fà á?"

"Òjò ni, sà. Méjì lẹ̀ mọ́ra."

"Ẹ ò rí i ni?"

"Mo dijú, sà."

"Ẹ sùn?"

"Rárá o. Mo kàn dijú ni."

"Màmá, láti ọdún méjìlélógún, ẹ ò dijú rí."

Ọkàn mi kò gbà á mọ́. Mo ní, "Èmi ni mo ní kí wọ́n dijú, sà. À ń gbàdúrà."

Ọ̀gá yíjú sí mi. "Pásítọ̀, ṣé àdúrà náà gùn?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa rọ́bà tó bọ́ sílẹ̀.

"Ó gùn," ni ọ̀gá dá ara rẹ̀ lóhùn, ó sì jáde lọ pe ọsíbítù pé ìdajì kejì á pẹ́ ní ọjọ́ kan.

A gé gbogbo wọn láti 1237 títí dé òpin, a tún àpòòwé ńlá tẹ̀, a sì fi ọwọ́ to kékeré sínú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òun á ka ti ìta, èmi á ka ti inú. Bí ohùn wa bá bára mu, a ó lẹ̀ ẹ́. A ṣe é di ìrọ̀lẹ́, a tún padà sí i láàárọ̀. Lẹ́nu kíkà yẹn ni mo ti ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ nínú mi. Bó bá jẹ́ pé mo gbàdúrà yẹn kí ọkọ̀ tó lọ ni, àṣìṣe ì bá ti wọ pósófíìsì. Mo ní, Olúwa, ṣé bí o ṣe gbọ́ mi nìyẹn, pé o jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀? Àbí òjò kàn jẹ́ òjò, àpòòwé sì jẹ́ àpòòwé? Mo dúpẹ́ síbẹ̀. Mo mọ̀ pé mo dúpẹ́. Ẹni tí ọpẹ́ náà tọ́ sí gan-an ni mi ò lè yà sọ́tọ̀.

Ọkọ̀ dé ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó kó ìyókù. Ìyá Kòṣẹ́kù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo orí tábìlì, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó tilẹ̀ gbé páálí rọ́bà mi sókè wò.

"Kò ṣẹ́kù!"

Mo rẹ́rìn-ín débi pé omi bọ́ lójú mi. Mo ní, "Màmá, ẹ dárí jì mí. Mi ò tún ní yọ yín lẹ́nu pé ẹ dijú."

Ó ń nu ẹnu ẹ̀rọ lọ́wọ́. Ó dá aṣọ tó fi ń nù ún dúró.

"Ẹ̀bẹ̀ kan tilẹ̀ wà tí mo fẹ́ bẹ̀ yín," ó ní. "Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń lajú. Ní ṣọ́ọ̀ṣì gan-an, mo máa ń lajú, ìyàwó pásítọ̀ wa rò pé àfojúdi ni. Lọ́jọ́ tí ẹ ní kí n dijú yẹn, ara rọ̀ mí. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan bá mi gbé ẹrù orí mi."

"Màmá..."

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Èmi ni màá gba àdúrà, kò ní ju ìṣẹ́jú kan lọ, ẹ má bá mi fi nǹkan kan kún un. Ẹ̀yin, ẹ dúró sí ẹnu ọ̀tún níbẹ̀ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, Pásítọ̀, ṣé ẹ lè bá mi lajú?"