Kìnnìún Mowe Tó Dọ̀bálẹ̀ Nídìí Máìkì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tójú mi rí lórí orin kan ṣoṣo tí mo kọ. Ẹ rọra rẹ́rìn-ín o. Èmi náà ti fi ara mi rẹ́rìn-ín tó.

Mo ti parí sẹ́kọ́ńdìrì, mi ò tíì rí adimíṣọ̀n, mo wà nílé ní Mowe tí mò ń bá ìkòkò ìrẹsì màmá mi jà. Iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe? Ráàpù! Ẹni tí ohùn ẹ̀ dà bíi ti ewúrẹ́ tójò ń pa, òun ló ní òun fẹ́ di ráápà.

Ọ̀rọ̀ mi sú bàbá mi. Wọ́n ní tá a bá ti ṣe Iléyá tán, àwọn máa mú mi lọ sọ́dọ̀ àbúrò àwọn ní Ifo, kí n lọ kọ́ṣẹ́ wẹ́dà. Sítúdíò parí nìyẹn! Mo bẹ̀bẹ̀, mo sunkún. Bẹ́ẹ̀ ni, mo sunkún, tèmi ti irùngbọ̀n mẹ́ta tó wà lágbọ̀n mi. Wọ́n wá ní kò burú, kí n lọ kọ ẹyọ orin kan. Táwọn ò bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, kí n di ẹrù mi.

Dáre ọ̀rẹ́ mi ló ní sítúdíò ní Ibafo. Ẹ má rò ó jìnnà o, yàrá kan nílé màmá ẹ̀ ni. Ó kó fóòmù sára ògiri, ó fi pílò màmá ẹ̀ dí ojú wíńdò kí ariwo má bàa wọlé.

Mo fajú ro bí ẹni tó ti jagun rí. Mò ń rọ́ ọ sínú máìkì pé èmi ni kìnnìún Mowe, mi ò bẹ̀rù ẹnì kankan, mi ò ní dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láyé! Ibi tí mo sọ ọ́ dé nìyẹn tí ilẹ̀kùn ṣí. Màmá Dáre ló wọlé, wọ́n wá mú pílò wọn.

Ṣé ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Gbìì! Mo ti wà nílẹ̀.

"Ẹ káàsán mà!"

"Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi. Ṣé o ti jẹun?"

"Rárá mà."

Máìkì ti gba gbogbo ẹ̀ sílẹ̀.

Mo ní kí Dáre yọ ọ́ kúrò. Ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè dìde. "Ọ̀gbẹ́ni, ibí yìí gan-an lorin!"

"Wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ta ni ò tíì fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ ní Mowe?"

Mo bínú lọ sílé. Àmọ́ nígbà tí mo tún un gbọ́ lórí fóònù, ibì kan ṣoṣo ló pa èmi fúnra mi lẹ́rìn-ín. Kìnnìún wo ló ń dọ̀bálẹ̀ nítorí pílò? Mo pe Dáre pé kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fi bíìtì tó wúwo sábẹ́ ìbéèrè màmá ẹ̀, ó ń tún un pè léraléra. Màmá fọwọ́ sí i, wọ́n kàn fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn náà á wà nínú fídíò ni.

Lákọ̀ọ́kọ́ tí Dáre gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìkan là ń gbọ́ ọ. Àfi báwọn tó ń ta búrẹ́dì lójú títì ní Asese ṣe sọ ọ́ di ìpolówó! Wọ́n á sáré tẹ̀ lé mọ́tò: "Ṣé o ti jẹun?" Àwọn inú mọ́tò á pariwo, "Rárá mà!" Ó di sítátọ́ọ̀sì orí Wáàsáàpù, ó dẹ́nu ọmọ iléèwé.

Ta ni ò gbọ́? Bàbá mi! Ìròyìn rédíò nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Mo ṣàlàyé títí, wọ́n ní ẹnu mi làwọn ti gbọ́ ọ, kì í ṣe ẹnu ẹlòmíì. Iléyá parí, a gbọ̀nà Ifo, báàgì lórí mi.

Bá a ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà àbúrò bàbá mi, ọmọṣẹ́ kan ń gbé oúnjẹ bọ̀. Ó kígbe, "Ṣé o ti jẹun?" Gbogbo ṣọ́ọ̀bù dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, "Rárá mà!"

Bàbá mi dúró. Wọ́n béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àwọn ọmọ náà tẹ orin náà lórí fóònù. Bàbá tẹ́tí sí i dópin.

"Ta ló kọ ọ́?"

"Ọmọ Lagos kan ni, Daddy. Bọ̀bọ́ ńlá ni!"

Bàbá wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ọmọ Lagos kọ́. Ọmọ mi ni."

"Èyí?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mi ò bínú rárá. Mi ò tíì gbọ́ kí bàbá mi fi mí yangàn rí láyé mi!

Bàbá mi ò mú mi padà sílé o. Wọ́n ní iṣẹ́ ọwọ́ kì í pa èèyàn. Àmọ́ wọ́n bẹ àbúrò wọn pé kó jẹ́ kí n máa lọ sítúdíò ní Fúráìdè àti Sátidé. Mo sì ti fi iná wẹ́dà jó ṣòkòtò mi méjì.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nìyí: nígbà tí mò ń wá kí wọ́n bẹ̀rù mi, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Ìgbà tí mo ṣe bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, gbogbo èèyàn dá mi lóhùn.

Ìwọ ńkọ́? Kí ló ń tì ọ́ lójú nígbà kan tó padà wá gbé ọ ga? Jọ̀ọ́, kọ ọ́ sísàlẹ̀ ibí. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ èmi nìkan ni mo máa tú àṣírí ara mi!