Ọjọ́ Tí A Fi Kẹ́ẹ̀gì Dìbò Omi ní Ajégúnlẹ̀

Ọyẹ́ ọdún kejì lẹ́yìn tí kòrónà kúrò nílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nígbà tí àwọn tó fẹ́ di kánsẹ́lọ̀ ti ń lẹ àwòrán ara wọn mọ́ ògiri wa láìtọrọ àyè. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ àdúgbò ní kí n kọ ohun tí ojú mi rí sílẹ̀. Ẹ ní akọni ni mí. Ẹ jẹ́ kí n tètè tú ìyẹn palẹ̀ fún yín: ìwé mẹ́fà ni mo kà, táyà tírélà ni mo ń lẹ ní Warehouse Road títí ẹ̀yìn mi fi ní ó tó, ojo sì ni mí láti Ìsẹ́yìn tí wọ́n ti bí mi wá. Bí ẹ bá rí akọni nínú ìtàn yìí, obìnrin ni.

Òpópó wa kò gùn. Ojúlé méjìlélógójì ni, láti ẹ̀yìn ògiri ilé ìwé lókè títí dé etí kánáálì nísàlẹ̀. Omi yí wa ká, ọ̀sà ń bẹ lẹ́yìn wa, òkun kò jìnnà, ṣùgbọ́n èyí tí a ó bù mu kò sí. Mẹ́rúwà ló ń fi kẹ̀kẹ́ ti omi wá fún wa. Bí omi bá yọ lẹ́nu ẹ̀rọ ilé ìwé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ẹ̀gì ló ń tò, ènìyàn kọ́. O ó gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ kalẹ̀, o ó so àkísà mọ́ ọn tàbí kí o kùn ún lọ́dà kí wọ́n lè dá a mọ̀, o ó bá iṣẹ́ rẹ lọ. Kẹ́ẹ̀gì yẹn ti di ìwọ nìyẹn. Ẹni tó bá sún un, ìwọ ló sún, ìjà rẹ̀ kì í sì í tán bọ̀rọ̀. Mo ti rí olè tó já fóònù gbà lọ́wọ́ ènìyàn lọ́sàn-án gangan. Nígbà tó ń sá lọ, ó fo ìlà kẹ́ẹ̀gì kọjá, kò jẹ́ fẹsẹ̀ kan ọ̀kan.

Ní ìpàdé kan lọ́jọ́ Àìkú, ọkùnrin tí à ń pè ní Olóyè dìde. Òun ló ni ilé mẹ́ta nísàlẹ̀ òpópó, ó sì ń wá ipò kánsẹ́lọ̀. Ó ní òun yóò gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù fún wa. A pàtẹ́wọ́. Èmi náà pa tèmi títí ọwọ́ fi ń ta mí.

Bùsáyọ̀ ló ba adùn náà jẹ́. Ọmọ àdúgbò ni, iṣẹ́ omi ló kọ́ ní pólì, ẹnjiníà ni wọ́n sì ń pè é níbi iṣẹ́. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó dìde.

“Ẹ ṣeun, sà. Níbo ni a ó gbẹ́ ẹ sí? Báwo ni yóò ṣe jìn tó? Ènìyàn mélòó ni yóò máa pọn ọ́n?”

Olóyè rẹ́rìn-ín. “Ọmọ mi, omi ni mo ní mo fẹ́ fún yín, kì í ṣe ìdánwò. Ẹnu ọ̀nà mi ni yóò wà, kí n lè máa bójú tó o.”

“Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ilẹ̀ náà, sà.”

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi wò ó. Ó ń ti ojúlé dé ojúlé pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó bi mí pé kẹ́ẹ̀gì mélòó ni a ń lò lóòjọ́. Mo túnra ṣe lórí àga, mo ní, “Bíi méjì.” Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín nínú ilé: “Méjì! Ìwẹ̀ tiwọn nìkan gba ọ̀kan ààbọ̀! Mẹ́jọ ni, ọmọ mi. Kọ mẹ́jọ. Tó bá di ọjọ́ aṣọ fífọ̀, kọ mọ́kànlá.” Láti ọjọ́ náà, Bùsáyọ̀ kò bi ọkùnrin kankan léèrè omi mọ́.

Ó tún mú rọ́bà gígùn kan wá, èyí tó mọ́ gaara, ó bu omi sínú rẹ̀. Èmi di etí kan mú, òun di èkejì, à ń ti òkè bọ̀ wá sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Omi inú rọ́bà kì í gbè sápá ẹnì kan. Ibi tó bá dúró sí, ibẹ̀ náà ni. Báyìí la ṣe mọ̀ pé ẹ̀yìn ilé ìwé fi bí ìdajì ènìyàn ga ju ẹnu ọ̀nà Olóyè lọ. Ó ka ṣáláńgá: mọ́kànlá ló yí ẹnu ọ̀nà Olóyè ká, lókè, kò sí ìkankan nítòsí. Ó ní omi tí a ó kọ́kọ́ bá nínú ilẹ̀ wa, iyọ̀ àti ìdọ̀tí ni. Àfi kí a gbẹ́ kọjá rẹ̀ dáadáa, kí a fi páìpù àti sìmẹ́ńtì dí i, kí tòkè má baà máa ro sínú tìsàlẹ̀. Táǹkì kan lórí irin gíga lẹ́yìn ilé ìwé, ẹnu ẹ̀rọ mẹ́ta láti òkè dé ìsàlẹ̀, omi á sì máa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ bí iná bá tilẹ̀ lọ.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dun eegun rẹ̀ jù ni Ìyá Rìsí. Òkè níbẹ̀ ló ń gbé, ó jù mí lọ dáadáa, aṣọ àwọn awakọ̀ tírélà ló ń fọ̀ jẹun, ìbàdí rẹ̀ kan kò sì dára mọ́. Ó sọ fún Bùsáyọ̀ níṣojú mi: “Bó bá wà nísàlẹ̀, n kò lè rù ú gòkè. Bó bá ní iyọ̀, ọṣẹ kò ní hó. Kí ni wọ́n fẹ́ kí n máa fi fọ aṣọ, itọ́?”

Olóyè kò gbà. Ó ní bí a kò bá fẹ́ ẹnu ọ̀nà òun, kí a dìbò. Ta ló dábàá pé kẹ́ẹ̀gì ni ká fi dì í? Èmi. Ẹ má wá ẹlòmíràn. Mo ní àwọn ènìyàn ń lọ síbi iṣẹ́, kí ojúlé kọ̀ọ̀kan gbé kẹ́ẹ̀gì kan sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri ilé ìwé láàárọ̀, ìlà kan fún òkè, ìlà kan fún ìsàlẹ̀, kí a kà á ní aago mẹ́rin. Ta ni yóò fọwọ́ kan kẹ́ẹ̀gì ọlọ́kẹ́ẹ̀gì ní Ajégúnlẹ̀? Gbogbo ìpàdé ní ọgbọ́n ni mo sọ. Olóyè náà ní ọgbọ́n ni. Òun ló wá mú ọjọ́ Jímọ̀.

Wọ́n yan ẹni mẹ́ta láti ṣọ́ ọ. Ọ̀kan, ọ̀gá rẹ̀ kò jẹ́ kó kúrò níbi iṣẹ́ ní Ìjòrá. Ìkejì lọ kírun Jímọ̀. Èmi ní n kò ní lọ, Ọlọ́run mọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí oòrùn dé àtàrí, mo jókòó lórí táyà àlòkù kan, mo ka àwọn kẹ́ẹ̀gì: mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n fún òkè, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún ìsàlẹ̀. Inú mi dùn. Mo tilẹ̀ ń súfèé.

Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan wọlé láti apá kánáálì. Ẹni tó kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀ ni ọmọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Kọ́ńténà, nítorí fífẹ̀ àyà rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹ̀wọ̀n Kirikiri dé ni, Olóyè ló sì ń bọ́ ọ.

“Bàbá Wàsíù, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Na only you dey?”

“Èmi nìkan ni, ọmọ mi.”

“Ẹ ò lọ kírun?”

“Ara mi ni kò yá.” Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, kò sì tíì sẹ́ni tó lù mí.

Òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í já kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀. Ogún ni. Wọn kò sún ti ẹnikẹ́ni o. Àwọn náà bẹ̀rù èèwọ̀ wa. Tuntun ni wọ́n kó wá, pupa rẹ́súrẹ́sú, kò sí àkísà, kò sí ọ̀dà, bébà òróró ṣì lẹ̀ mọ́ òmíràn lára. Wọ́n tò wọ́n mọ́ ẹ̀yìn ìlà ìsàlẹ̀.

Kọ́ńténà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mi. “Bàbá, kí lẹ rí?”

“N kò rí nǹkan kan.”

“Correct. Ojú àgbà dára.” Ó wo ìlà náà, ó gé ètè jẹ. “Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ìlà yìí wọ́.”

Kò ní kí n dìde. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, kò ní kí n dìde. Èmi fúnra mi ni mo dìde tí mo bá wọn tò ó kó gún. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà, orí ọmọ wọ́, mo sì tún bá wọn fà á.

Ní aago mẹ́rin, gbogbo àdúgbò péjọ. Òkè mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ìsàlẹ̀ márùndínlógójì. Àwọn ọmọ Olóyè hó yèè. Bùsáyọ̀ lọ sídìí ọ̀kan nínú àwọn tuntun náà, ó ṣí i lẹ́nu, ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó gbé ìka náà sókè. Ó ń dán.

“Òróró nìyí. Kẹ́ẹ̀gì yìí kò pọn omi rí. Ta ló ni ín?”

“Àwọn ayálégbé mi ni,” Olóyè dáhùn. “Àbí ayálégbé kì í ṣe ènìyàn?”

“Ojúlé kan, kẹ́ẹ̀gì kan la ní, sà. Àwọn ayálégbé yín ti gbé tiwọn síwájú láàárọ̀.”

“Wọ́n tún gbé òmíràn. Ẹ bi ẹni tó ṣọ́ ọ.”

Gbogbo ojú bá yí sí mi. Bùsáyọ̀ rọra súnmọ́ mi bí ẹni tó fẹ́ gba nǹkan tó lè fọ́ lọ́wọ́ mi.

“Bàbá Wàsíù, ẹ̀yin lẹ wà níbí. Ta ló kó wọn wá?”

Kọ́ńténà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fi igi tayín.

Mo ní, “Mo… mo lọ tọ̀.”

Ẹ̀rín bú jáde. Ẹnì kan kígbe, “Bàbá, ìtọ̀ wo ló gùn tó ogún kẹ́ẹ̀gì?” Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló máa ń jí mi lójú oorun: mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Olóyè na bébà sí mi pé kí n fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, mo fọwọ́ sí i. Mo pa ìrun Jímọ̀ jẹ kí n lè jẹ́rìí. N kò jẹ́rìí, ìrun náà kò sì dúró dè mí.

Ọjọ́ mẹ́rin péré ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Omi àkọ́kọ́ tí wọ́n bá ni wọ́n dúró lé. Wọ́n ya fọ́tò, Olóyè wọlé ìbò. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, iyọ̀ ti dé. Nígbà tí òjò balẹ̀, ó ń rùn, ẹ̀yin náà sì mọ ibi tí òórùn náà ti ń bọ̀. Ìyá Rìsí bù ú wò lẹ́ẹ̀kan. Ó po ọṣẹ sí i, ó pò ó títí, ó dì bí wàrà tó bà jẹ́, kò hó. Àwọn awakọ̀ gba aṣọ wọn lọ síbòmíràn.

Àwọn obìnrin kò gbà. Bùsáyọ̀ ṣíwájú, wọ́n ru kẹ́ẹ̀gì òfìfo lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n ń lù ú, wọ́n ń kọrin èébú. Èmi náà lọ. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo wà, lẹ́bàá ọ̀kadà kan tí mo ti bẹ ẹni tó ń gùn ún pé kó má pa ẹ́ńjìnnì. Akọ̀wé kan jáde, kò jiyàn, kò bínú. Ó kàn na bébà kan sókè.

“Ẹ̀yin lẹ dìbò pé kó wà níbẹ̀. Ẹlẹ́rìí yín ló fọwọ́ sí i yìí.”

Ó ka orúkọ mi. Bùsáyọ̀ bojú wẹ̀yìn, ó rí mi, ó tún kọjú síwájú. Ì bá bú mi, ara ì bá tù mí. Wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì wọn, wọ́n rìn padà sílé.

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó lè lọ bá Ìyá Rìsí. Mo bá a níwájú ilé, ó ti da gbogbo agbada ìfọṣọ rẹ̀ dé. Mo dọ̀bálẹ̀.

“Ìyá, n kò lọ tọ̀ lọ́jọ́ yẹn.”

“Mo mọ̀,” ó ní. “Ìbàdí kò jẹ́ kí n jáde. Ojú fèrèsé ni mo wà. Mo rí ọkọ̀ náà. Mo rí ọ tí o ń bá wọn tò ó.”

Mo gbójú sókè. “Ẹ rí i? Kí ló dé tí ẹ kò sọ?”

“Arúgbó obìnrin kan ṣoṣo, lẹ́nu ọmọ Kirikiri? Mo ń dúró dè ọ́ ni, Bàbá Wàsíù. Mo ti fa ara mi dé ẹnu ọ̀nà. Mo ní bí o bá ti lanu báyìí, n ó jáde, ká di ẹni méjì. O wá ní o lọ tọ̀.” Ó mú ọ̀pá rẹ̀. “Dìde nílẹ̀. Ilẹ̀ tutù.”

Ó ti kó lọ sọ́dọ̀ Rìsí ọmọ rẹ̀ báyìí. Wọ́n ní kò ṣe nǹkan kan níbẹ̀ ju kó jókòó lọ, òun tí kì í jókòó.

Ẹ tún ní kí n wọn èrè àti àdánù ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí a jèrè kò kún ọwọ́: àwọn obìnrin mọ ọ̀nà ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ìwé Bùsáyọ̀ sì ṣì wà, gbogbo kẹ́ẹ̀gì ojúlé kọ̀ọ̀kan ló wà nínú rẹ̀. Ohun tí a pàdánù, ẹ ń rà á lọ́wọ́ mẹ́rúwà lójoojúmọ́. Èyí tó kù, gbèsè tèmi ni, n kò sì lè fi ìdọ̀bálẹ̀ san án.

Mo gbọ́ pé wọ́n tún fẹ́ gbẹ́ òmíràn, Olóyè ló sì tún ń darí ìpàdé. Ẹ má fi mí ṣe olùṣọ́. Ṣùgbọ́n tí gbogbo ènìyàn bá pé, tí òun náà bá wà níbẹ̀, kí ẹnì kan nínú yín dìde kó bi mí ní ìbéèrè tí Bùsáyọ̀ bi mí lọ́jọ́ ìbò kẹ́ẹ̀gì yẹn. Ẹsẹ̀ mi yóò gbọ̀n, ẹ ó rí i. Ẹ ṣáà bi mí.