Ìdọ̀bálẹ̀ Lórí Ọkọ̀ Ìbejì

Nígbà tí owó epo rọ̀bì ń wọ̀lú wọ̀ǹtìwọ̀ǹtì, òyìnbó kan tó ń padà sílé ta ọkọ̀ rẹ̀ fún mi ní ọ̀pọ̀ létí ọ̀sà Ọ̀jọ́. Ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni wọ́n so pọ̀, wọ́n ta àwọ̀n sáàárín wọn fún ìjókòó, ìgbòkun kan sì ń fa méjèèjì. Ọkọ̀ ìbejì là ń pè é. Orí mi wú. Gbogbo ọjọ́ Àìkú la fi ń bá àwọn oníbejì yòókù díje, mo sì mọ òfin eré náà ju àdúrà àárọ̀ mi lọ.

Ọmọbìnrin kan láti ìlú Ìbà tí mo fẹ́ fi ṣaya ló ń bá mi wà á. Bàbá rẹ̀, kọntirátọ̀ tí kì í rẹ́rìn-ín, ní ọkọ̀ tiwọn, ṣùgbọ́n ọmọ kọ̀ láti wọ̀ ọ́. Ó ní ariwo bàbá òun ti pọ̀ jù lójú omi. Bàbá kò tíì gbà kí n fẹ́ ẹ, ìdí nìyẹn tí àyà mi fi já lọ́jọ́ tí wọ́n wá bá wa díje.

A jọ dé ibi kẹ́gì pupa àkọ́kọ́ tí wọ́n fi léfòó sójú omi, tí a gbọ́dọ̀ yí po. Ọkọ̀ mi ló wà láàárín tiwọn àti kẹ́gì. Òfin ní kí n kígbe, kí wọ́n sì yà fún mi. Ta ni yóò kígbe mọ́ àna rẹ̀? Bí ojú wa ṣe ṣe mẹ́rin, mo ju okùn ìgbòkun sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí àwọ̀n, mo ní ẹ kú ojúmọ́ sà. Bàbá kọjá lọ ní tiwọn. Ọmọ wọn bi mí bóyá orí mi pé. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi wọ̀ mí lẹ́nu.

Ní kẹ́gì kejì, ọkọ̀ mi tún bọ́ sáàárín tiwọn àti kẹ́gì. Lọ́tẹ̀ yìí mo di okùn mú, mo kígbe.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú sà, èmi ni mo ni ọ̀nà."

Bàbá yà kíá. A gba ọ̀nà jíjìn wọ ibẹ̀, ó ku díẹ̀ ká fara kan kẹ́gì bí a ṣe ń jáde, a sì gba iwájú. Inú mi dùn débi pé mo ń kọ orin tí kò lórí tí kò nídìí.

Nígbà tí a gúnlẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ sórí iyanrìn. Bàbá ní kí n dìde.

"Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ fún mi lójú omi yẹn, mi ò lè fún un lọ́mọ, yóò mú ọmọ mi rì. Ẹni tó ní kí n yà, òun ni kó lọ pe àwọn ẹbí rẹ̀ wá."